Irinṣẹ́ Kékeré Tí Mo Pè Ní Nibo

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Olódò ló bẹ̀ mí pé kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Wọ́n ti pe nọ́ọ̀sì kan, wọ́n ti pe ọkùnrin tó ń kan páànù orí ilé, ó wá kan èmi. Mo ní mi ò lè dúró níwájú èèyàn fún wákàtí kan, ẹ̀yìn mi ò gbà á mọ́. Ìjókòó ló sọ ẹ̀yìn mi dà báyìí, ẹ má rò pé oko ni. Nítorí náà mo kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ẹni tó bá fẹ́ kà á kà á, kí ẹni tó ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe máa bá tiẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ṣe. Mo mọ̀ pé lójú tiyín, ọmọkùnrin tó wọ ṣòkòtò péńpé, tó gbé ẹ̀rọ lé itan, tó ń mu nǹkan tútù, òun ló ń jẹ́ oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Nígbà tèmi, inú yàrá kan ni wọ́n ń tì wá mọ́, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí wa lẹ́yìn ọrùn látàárọ̀ dalẹ́. Kò sí àwòrán kankan lójú ẹ̀rọ náà, ọ̀rọ̀ nìkan ni. O máa tẹ àṣẹ, ẹ̀rọ á ṣe é, tàbí kó sọ fún ẹ pé òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Unix ni wọ́n ń pe irú ẹ̀rọ yẹn, ibi tí a sì ti ń tẹ àṣẹ fún un ni wọ́n ń pè ní ṣẹ́ẹ̀lì.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò lọ́rọ̀ nínú. Mo jáde ilé ìwé, mo ń wáṣẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbọ́ pé ilé iṣẹ́ irúgbìn kan lápá Ẹgbẹ́dá ń wá ẹni tó mọ ìwé tẹ̀. Mo lọ, wọ́n gbà mí. Owó oṣù wọn kì í bá oṣù dé òpin, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ náà pa, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ wa ni pé a máa ń fún àwọn àgbẹ̀ Lálúpọn, Akínyẹlé àti Ọ̀nà-Àrà ní igi ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo gbìn. Bí ìkórè bá dé, àwọn kan nínú wa á lọ wọn ohun tó jáde lóko, wọ́n á gbé e wá, a ó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ: ẹ̀gẹ́ wo ló ta dáadáa nínú ilẹ̀ wo, èwo ló jẹrà, èwo ni àwọn obìnrin ní gàrí rẹ̀ kò dára. Ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn.

Ọ̀gá Àlàbí ló kọ́ mi níṣẹ́. Ọmọ Lálúpọn ni wọ́n, alàgbà Kérúbù ni wọ́n. Wọn kì í pariwo, wọn kì í na èèyàn, síbẹ̀ ẹ̀rù wọn ń bà wá ju ti bàbá tó bí wa lọ. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan kíibọ́ọ̀dù. Inú ìwé ni mo ń kọ àṣẹ sí. Wọ́n á dúró lẹ́yìn mi, wọ́n á kà á, wọ́n á bi mí pé kí ni ẹ̀rọ máa ṣe tó bá rí èyí. Bí mo bá dáhùn bó ṣe yẹ, wọn ò ní sọ nǹkan kan. Bí mo bá ṣì í, wọ́n á fa ìwé náà ya, wọ́n á gbé òmíràn fún mi, wọn ò sì ní bínú. Àìbínú yẹn gan-an ló ń dùn mí jù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọn kò fẹ́ gbọ́ sétí. Lọ́jọ́ kan wọ́n béèrè fáìlì àgbàdo àwọn ará Akínyẹlé lọ́wọ́ mi, mo ní ó yẹ kó wà níbi tí mo gbé e sí. Wọ́n yọ awò ojú wọn. Wọ́n ní, "Dàpọ̀, bí ìyàwó rẹ bá bi ọ́ pé ṣé gàrí ṣì wà nílé, ṣé wàá ní ó yẹ kó wà? Ó wà ni àbí kò sí? Lọ wò ó." Mo lọ wò ó. Kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan ni mo fi wá fáìlì yẹn kiri, wọn ò sì bá mi wá a.

Mo kórìíra wọn lọ́dún àkọ́kọ́, kí n má purọ́. Lẹ́yìn náà bàbá mi kú. Ọ̀gá Àlàbí wọ ọkọ̀ wá sí abúlé wa, wọ́n jókòó tì mí láti òwúrọ̀ títí a fi sin òkú tán, wọn ò sọ ju "Pẹ̀lẹ́" lọ. Láti ọjọ́ náà, mi ò lè gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ wọn láìdáa kí n dákẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló mú kí ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ nira fún mi.

Àwọn kan nínú yín á fẹ́ gbọ́ nípa irinṣẹ́. Irinṣẹ́ ò dúró sójú kan rí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, inú téèpù la ń da ọ̀rọ̀ pamọ́ sí, ó rí bíi kásẹ́ẹ̀tì orin, àfi pé ó tóbi jù ú lọ. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n tán ni wọ́n gbé e jù sílẹ̀. Wọ́n mú ẹ̀rọ tó ní àwòrán wá, wọ́n mú máòsì wá, wọ́n ní ká gbàgbé títẹ àṣẹ. A gbàgbé ẹ̀. Ìgbà tó yá, wọ́n tún ní àwọn tó mọ àṣẹ tẹ̀ ni àwọn ń wá. Nísinsìnyí, ọmọ ọmọ mi ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù, fóònù ń dá a lóhùn. Mi ò bá a jiyàn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, kó mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ lòun máa jẹ́ títí irun òun á fi funfun, ó sì máa sú u. Ó sú èmi.

Kí ó tún mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò ní mọ ohun tí òun ń ṣe. Oníbàtà ṣe bàtà, ẹ wọ̀ ọ́, ẹ rí i. Iṣẹ́ tiwa, bó bá dára, ojú ò rí i. Ìgbà tó bá bàjẹ́ nìkan ni wọ́n ń rántí orúkọ wa. Ní àdúgbò mi, Bàbá Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè mí, fáànù tó ti jóná ni wọ́n sì ń gbé wá bá mi. Mo máa ń bá wọn wò ó. Kí ni kí n ṣe?

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, ẹ̀yìn ni mo fi sí nítorí pé ó ń rẹ̀ mí bí mo bá rántí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ iṣẹ́ ayé ẹ̀ tó fo ibi tó dùn ún, irọ́ ló pa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun kan. Àṣẹ kọ̀ọ̀kan, fáìlì kan ni ẹnì kan kọ ọ́ sí, ẹ̀rọ kì í sì mọ ibi tó wà. Fódà tí a ń kó fáìlì sí pọ̀ nínú ẹ̀ bí agboolé ṣe pọ̀ nílùú. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ó to àwọn fódà tó gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò sílẹ̀ fún un, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Bí o bá tẹ àṣẹ, á wo fódà àkọ́kọ́. Bí kò bá rí i níbẹ̀, á bọ́ sí èkejì. Ibi tó bá ti kọ́kọ́ rí orúkọ yẹn ló ń dúró sí, kò ní wá a síwájú mọ́. Ó dà bí ìgbà tí ẹ rán ọmọ pé kó lọ pe Ìyá Rísí wá. Ìyá Rísí tó bá kọ́kọ́ pàdé ló máa mú wá, ì báà jẹ́ pé agboolé kejì ni èyí tí ẹ ń wá wà.

Níbi tí iṣẹ́ bá ti mọ́, fódà ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ ló ń ṣíwájú. Níbi tiwa, fódà Ọ̀gá Àlàbí ló wà níwájú. Ẹnikẹ́ni ò pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ló kọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn àṣẹ tí a ń lò, inú fódà tiwọn ni wọ́n sì kó wọn sí, àwa ọmọ iṣẹ́ wá rò pé kò bójú mu kí á to nǹkan mìíràn ṣáájú wọn. Bí òṣìṣẹ́ tuntun bá dé, ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń sọ fún un ni pé, "Fi Ọ̀gá síwájú." Á fi wọ́n síwájú. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, tí wọ́n padà sí Lálúpọn lọ máa dáko, ẹnì kan ní ká yọ fódà wọn kúrò. Akọ̀wé wa tó dàgbà jù bi í pé ṣé ó fẹ́ lé Bàbá jáde kúrò nínú ilé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́ ni. Ojú tì í, ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Bí fódà náà ṣe dúró níwájú nìyẹn, ọdún ń gorí ọdún.

Nínú àṣẹ tí Ọ̀gá kọ, ọ̀kan wà tó ń jẹ́ pamo. Òun ló ń da gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ sínú téèpù. Bó bá ṣe tán, á kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ pé, "Ó ti parí." Nígbà tí a kò lo téèpù mọ́, ilé iṣẹ́ ra ẹ̀rọ kejì tí a ó máa da ọ̀rọ̀ pamọ́ sí, wọ́n sì ní kí Múìbátù kọ pamo tuntun.

Múìbátù ni tábìlì ẹ̀ kángun sí tèmi. Ọmọ Ọ̀nà-Àrà ni, ọwọ́ ẹ̀ mọ́, ẹnu ẹ̀ mú. Ọkọ ẹ̀ ń wa ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ kó tó ṣèṣe lójú ọ̀nà Ifẹ̀, láti ìgbà náà Múìbátù nìkan ló ń bọ́ ilé: ọkọ, ọmọ àti ìyá ọkọ. Ó kọ pamo tuntun, ó dán an wò níbi tó ti kọ ọ́ gan-an, ó dára. Ó gbé e sínú fódà gbogbogbò. Ó fi orúkọ tí Ọ̀gá sọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì jẹ́ kó máa kọ "Ó ti parí" bíi ti Ọ̀gá, torí ó ní òun ò lè yí ọ̀rọ̀ àgbà padà. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kó tó lọ kírun, á tẹ pamo, á dúró kó rí "Ó ti parí", á fi ìborùn ẹ̀ borí, á lọ. Mo ń rí i. Mi ò mọ iye ìgbà tí mo rí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, iná mọ̀nàmọ́ná lọ, ó dé padà pẹ̀lú agbára tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A gbọ́ òórùn iná. Ibi tí àwọn àṣẹ wa wà kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ wà ti jóná. Olùdarí wa, ọkùnrin kan tí mo jù lọ́jọ́ orí, ní ká fọkàn balẹ̀, ẹ̀rọ kejì wà. A ṣí ẹ̀rọ kejì. Ohun tí Múìbátù fi dán an wò lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sí nǹkan mìíràn, a sì ti gbé àwọn téèpù àtijọ́ jù. Iṣẹ́ àwọn àgbẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, bó ṣe lọ nìyẹn.

Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ dìde. Wọ́n ní Múìbátù ò tẹ pamo rí láti ọjọ́ tó ti kọ ọ́, ó kàn ń sọ pé òun tẹ̀ ẹ́ ni. Ó fi Kùránì búra. Olùdarí ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbúra. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ti fi àṣẹ kan sínú ẹ̀ tó ń jẹ́ which, òun ló ń sọ ibi tí àṣẹ mìíràn wà. Olùdarí tẹ̀ ẹ́ níṣojú gbogbo wa. Which ní pamo tuntun ni ẹ̀rọ ń pè. Olùdarí ní tó bá jẹ́ tuntun ni ẹ̀rọ ń pè, tí nǹkan kan ò sì dé ẹ̀rọ kejì, a jẹ́ pé Múìbátù ò pè é rárá. Èmi náà ò rí ibi tí mo lè gbà já ọ̀rọ̀ yẹn. Wọ́n dá ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ máa jókòó parí ẹ̀, gbogbo wa sì mọ̀ pé wọ́n máa lé e. Ta ló máa gba ẹni tí wọ́n lé nítorí irọ́ síṣẹ́?

Ṣùgbọ́n mo rí i tó ń tẹ̀ ẹ́. Ojú mi kì í ṣe ojú àlá. Tí Múìbátù ò bá purọ́, a jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń purọ́. Mo kọ àṣẹ kékeré kan tí kò wúlò fún nǹkan kan, mo gbé e sínú fódà tèmi, mo tẹ̀ ẹ́, ó ṣiṣẹ́. Mo wá fi which béèrè ibi tó wà. Which ní kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀lì oríṣi méjì ló wà lórí ẹ̀rọ wa, which sì ń lọ wo ìlà fódà tí wọ́n tò fún ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò lò mọ́. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Mo bá kọ tèmi. Nibo ni mo pè é. Kò gùn rárá. Ó ń gba ìlà fódà lọ́wọ́ ṣẹ́ẹ̀lì tí a ń lò gan-an, á máa wọ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á béèrè pé ṣé nǹkan kan wà níbí tó ń jẹ́ orúkọ yìí, ṣé ó sì ṣeé pè níṣẹ́. Mi ò jẹ́ kó dúró níbi àkọ́kọ́ tó bá rí. Mo ní kó rìn dé òpin, kó ka gbogbo ẹ̀ fún mi bí wọ́n ṣe tò léra. Ó tàn mí díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, torí ó ń mú fódà tó ń jẹ́ orúkọ náà bí ẹni pé àṣẹ ni. Mo tún un ṣe. Mo wá tẹ nibo pamo.

Ìlà méjì ló jáde. Ti Ọ̀gá Àlàbí ló wà lókè, ti Múìbátù ló tẹ̀lé e. Láti ọjọ́ tí Múìbátù ti kọ tiẹ̀, pamo Ọ̀gá ló ń jẹ́ ìpè. Ó ń wá téèpù tí a ti gbé jù, kò rí i, kò sọ pé òun ò rí i, ó kàn ń kọ "Ó ti parí." Nígbà tí Ọ̀gá kọ ọ́, téèpù kì í kúrò nídìí ẹ̀rọ, kò sì sí ìdí tí wọ́n fi máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Inú mi dùn fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni mo rántí orúkọ ẹni tó wà níwájú. Bí mo bá gbé èyí síwájú ìgbìmọ̀, Múìbátù á là, wọ́n á sì máa sọ jákèjádò ilé iṣẹ́ pé Ọ̀gá Àlàbí ló pa iṣẹ́ àwọn àgbẹ̀ run. Mi ò lè ṣe é lẹ́yìn wọn. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Lálúpọn.

Mo bá wọn nídìí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń bó pẹ̀lú ìyàwó wọn. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n ní kí wọ́n bu omi fún mi. Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, ọ̀bẹ wọn ń falẹ̀, títí ó fi dúró. Mo rò pé wọ́n máa bi mí nípa àwọn àgbẹ̀, tàbí nípa Múìbátù. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Dàpọ̀, ṣé èmi ni mo ní kí ẹ fi mí síwájú?"

Mo ní rárá, sà. Wọ́n tún mú ọ̀bẹ wọn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá wa wá síbi ìgbìmọ̀, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ lọ. Ìyàwó wọn ló sìn mí dé ojú ọ̀nà, ó ní kí n má bínú, àgbà ò fẹ́ ìtìjú lọ́jọ́ alẹ́. Mo padà sílé pẹ̀lú ọkàn tó wúwo. Mo ti pinnu pé èmi á sọ ọ́ fúnra mi, kí Ọ̀gá máa bá mi bínú títí ọjọ́ ayé wọn. Ọmọ ọlọ́mọ ò gbọdọ̀ tìtorí ọ̀wọ̀ tí èmi ní fún wọn pàdánù oúnjẹ ẹ̀.

Lọ́jọ́ ìgbìmọ̀, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni nígbà tí Ọ̀gá Àlàbí wọlé. Aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀, fìlà wọn wà lọ́wọ́. Gbogbo wa dìde, Olùdarí náà dìde. Wọn ò jókòó sí àga tí wọ́n gbé fún wọn níwájú. Ìdí ẹ̀rọ ni wọ́n lọ. Wọ́n ní kí n tẹ ohun tí mo kọ. Mo tẹ nibo pamo. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n wọ̀ ọ́ padà, wọ́n ka ìlà méjèèjì jáde kí gbogbo yàrá gbọ́. Wọ́n ní kí àwọn ìgbìmọ̀ wá fi ojú ara wọn rí i, wọ́n wá.

Wọ́n ní, "Èyí tó ń jẹ́ ìpè, tèmi ni. Ọmọ yìí ò purọ́."

Olùdarí fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n na ọwọ́ sí i pé kó dúró. Wọ́n ní kí n ṣí ibi tí a to fódà sí. Ìka wọn ti le, wọ́n ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lórí kíibọ́ọ̀dù, ẹnikẹ́ni ò sì lè ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ran wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n pa orúkọ ara wọn rẹ́ kúrò níwájú. Lẹ́yìn náà wọ́n tẹ nibo pamo fúnra wọn. Ìlà kan péré ló jáde, ti Múìbátù.

Alága ìgbìmọ̀ ní kí Múìbátù padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀. Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú Ọ̀gá, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́. Wọ́n fà á dìde, wọ́n ní kó má dúpẹ́, iṣẹ́ àwọn àgbẹ̀ ti lọ, kò sí ẹni tó lè dá a padà. Wọ́n wá yíjú sí àwa ọmọ iṣẹ́ wọn tí a tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Wọ́n wò wá títí.

Wọ́n ní, "Láti ìgbà tí mo ti lọ, ẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún mi nínú ẹ̀rọ yìí lójoojúmọ́. Kò sì sí ẹnì kan nínú yín tó wò ó bóyá mo ṣì wà níbẹ̀."

Wọ́n dé fìlà wọn, wọ́n sì jáde lọ wọ ọkọ̀ Lálúpọn.